Ọgọ́rùn-ún Wákàtí

(Pálọ̀ Bàbá Kúdí, lálẹ́. Sípíkà tuntun 2 dúró lórí bulọ́ọ̀kù, wọ́n fi léèsì bò wọ́n bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Orin ń jáde wúyẹ́wúyẹ́. Ìlà èédú kún ara ògiri.)

ÌYÁ KÚDÍ: Bàbá Kúdí, ṣé orin nìyẹn àbí ẹ̀fọn?

BÀBÁ KÚDÍ: Rọra o! Sípíkà tuntun dà bíi bàtà tuntun, èèyàn kì í wọ̀ ọ́ sáré. Ẹni tó tà á fún mi ní ara rẹ̀ ṣì le. Kí n máa lò ó jẹ́jẹ́ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, béèsì á jáde.

ÌYÁ KÚDÍ: Ọgọ́rùn-ún kẹ̀? Àwa Band E, oníná wákàtí 4 lójúmọ́? Ọjọ́ 25 nìyẹn, bí wọ́n bá mú un wá o! Èmi tí mo bí Kúdí, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an lẹ ti ní kí n ro àmàlà.

BÀBÁ KÚDÍ: (ó ka ìlà èédú ara ògiri) Ó ku wákàtí 37.

(Kámórù tó ń tún rẹ́díò ṣe wọlé. Ó ká léèsì kúrò, ó wo ẹ̀yìn sípíkà, ó bú sẹ́rìn-ín.)

KÁMÓRÙ: Ẹ̀gbọ́n, ta ló so wáyà yìí?

BÀBÁ KÚDÍ: Èmi ni. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú.

KÁMÓRÙ: Ti ọ̀tún nìyẹn. Ti òsì, pupa lẹ kì bọ ojú dúdú. Bí èyí bá ń tì, ìkejì ń fà. Wọ́n ń pa béèsì ara wọn ni! Ẹ lò ó d'ọdún Iléyá, kò ní jáde.

ÌYÁ KÚDÍ: Gẹ́gẹ́ bí èmi àti ìyá yín.

BÀBÁ KÚDÍ: Wọ́n kọ 12,000 watt sára páálí rẹ̀ ńkọ́?

KÁMÓRÙ: Sókẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ kì wáyà rẹ̀ bọ̀, agbára káká ló fi lè gbé 3,000. Ta ló fẹ́ yá yín ní 9,000 tó kù?

BÀBÁ KÚDÍ: Ti pé ara rẹ̀ máa rọ̀ ńkọ́?

KÁMÓRÙ: Rọ́bà etí rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, kì í sì í pẹ́. Èyí tó kù, ó kàn ń mọ́ etí yín lára ni.

(Ó yí wáyà padà. GBÌ! GBÌ! Àwo jábọ́ ní kíṣìnì. Bàbá Kúdí fò sókè, ó ń jó. Ìlẹ̀kùn ṣí gbàgà.)

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ta ló ń gúnyán nínú ilé mi ní aago mẹ́wàá alẹ́?

BÀBÁ KÚDÍ: (ó dọ̀bálẹ̀, ìdí ṣì ń mì) Ẹ má bínú, Baba. Sípíkà tuntun ni. Ẹ ní sùúrù, á mọ́ etí yín lára.

LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ ṣeun. Láti oṣù tó ń bọ̀, mo fi ₦50,000 lé owó ilé yín. Ẹ máa pè é jẹ́jẹ́ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, á mọ́ ẹnu yín lára.

(Ó lọ. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá Kúdí bẹ̀rẹ̀, ó mú èédú nílẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.)

ÌYÁ KÚDÍ: Ẹ gbà. Àyè ṣì wà lára ògiri.