Ẹ̀rọ oníná inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń dún

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé ọkọ̀ tí ẹ̀rọ oníná tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ náà gan-an kì í gbọ̀n, kì í sì í dún rárá, nítorí kò ní jíà. Pé èyí tó bá dún ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ariwo rẹ̀ kéré sí ti ẹ́ńjìnnì elépo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí òòfà inú rẹ̀ ṣe ń yí kọjá lára eyín irin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wé wáyà mọ́ (kì í ṣe ti jíà), agbára tó fi ń fà á ń pọ̀, ó ń dín. Ìyẹn ló ń mú un gbọ̀n, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ. Abẹ́ sípíríǹgì tó gbé ara ọkọ̀ ni ẹ̀rọ náà sì wà, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ máa ń jẹ́ kí gegele ojú ọ̀nà hàn sí i.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pa rédíò, ẹ rọra wakọ̀ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú. Ohùn tó ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀ lè wá láti ara ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ ìró irin tó ń ha irin, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.