Kì í ṣe òtútù ló ń pa ẹṣin l'Ékìtì o, ilé tá a dí pa ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé o fẹ́ so ẹṣin l'Ékìtì tí kò ní sọ fún ẹ pé "dí gbogbo ihò ilé yẹn o, òtútù ló ń pa ẹṣin níbí, àgàgà tí ọyẹ́ bá dé." Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́, káfíńtà tó wá bá mi ṣiṣẹ́ náà sọ ọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, ó sì kù díẹ̀ kí ẹṣin mi kú.

Sítọ́ọ̀ kòkó bàbá wa ló wà lẹ́yìn ìlú ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti kó kòkó síbẹ̀. Mo ra akọ ẹṣin pupa kan n'Ílọrin, ká lè máa fi ṣe òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú, mo wá ní kí n tún sítọ́ọ̀ yẹn ṣe fún un. Ẹ sì mọ Ẹ̀fọ̀n, òkè ló yí wa ká, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé méjèèjì, mo fi ọ̀rá dí gbogbo ibi tí páànù ti pàdé ògiri, alẹ́ tó bá lẹ́ mo ti ilẹ̀kùn pa, ọkàn mi balẹ̀.

Kò tó oṣù kan tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń jẹun ó ń wúkọ́, ihò imú ẹ̀ ń ṣí gbàgà bí ẹni tó sáré dé, omi ń dà lójú ẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ṣé ẹ rí i, òtútù ti mú un, mo bá tún lọ ra tàpólì mo fi bo ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí dókítà ẹran dé, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹṣin. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn bí mo ṣe máa ń tì í, ká dúró díẹ̀, ó wá ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lóṣòó, kẹ́ ẹ mí." Mo lóṣòó, mo mí, òórùn ìtọ̀ yẹn ta mí nímú, omi bọ́ lójú mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní amóníà nìyẹn, ara ìtọ̀ ló ti ń jáde, ibi tí mo gbé imú sí yẹn gan-an sì ni ẹṣin ń gbé imú sí tó bá ń jẹ koríko nílẹ̀ láti alẹ́ di ìdájí. Ó tún ní kí n gbójú sókè, mo rí omi tó ń kán lára páànù bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Èémí ẹṣin ni, kò ríbi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ẹṣin tó ti dàgbà, tára ẹ̀ gbẹ, tó sì rí koríko jẹ yó, tí ojú ọjọ́ bá tutù dé dígírì 5 pàápàá kò ní wàhálà, òtútù tiwa l'Ékìtì kì í sún mọ́ ìyẹn, tó bá le gan-an kó wà ní bíi 15. Koríko tó ń jẹ, bó ṣe ń dà nínú ìfun ẹ̀ ló ń mú ara ẹ̀ gbóná, iná ń jó nínú ẹ̀ tọ̀sán tòru. Ohun tí ò lè fara dà ni amóníà, àti eruku funfun tó ń ti ara koríko gbígbẹ tó ti bu jáde, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́, tó bá sì bà jẹ́ tán kì í fi bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn baba wa pa o. Ẹṣin ń kú lágbègbè igbó lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ gan-an, Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tsetse ló ń pa wọ́n. Ó máa ń mu ẹ̀jẹ̀, tó bá bu ẹṣin jẹ ó lè fi kòkòrò kan tójú ò lè rí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, trypanosome ni wọ́n ń pè é. Ibà á dé, á lọ, á tún padà, ẹṣin á máa gbọ̀n, á rù, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ lára ẹ̀, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú. Lójú tèmi, gbígbọ̀n yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè é ní òtútù, ta ló sì fẹ́ bá wọn wí, kò sí máíkírósíkóòpù nígbà yẹn. Àmọ́ kò sí ògiri tẹ́ ẹ dí tó máa wo ìyẹn sàn. Ọ̀sán ni eṣinṣin yẹn ń jẹ ẹran, nígbà tí ẹṣin wà níta, torí náà igbó tó wà nítòsí ni kẹ́ ẹ ṣán, kẹ́ ẹ sì pe dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́jà gún un fúnra yín o, mo bẹ̀ yín.

Mo fọ́ búlọ́ọ̀kù fèrèsé kúrò, mo dá òmíràn sí ògiri òdìkejì kí atẹ́gùn lè gbabí wọlé kó gbọ̀hún jáde, gbogbo ẹ̀ ga ju ẹ̀yìn ẹṣin lọ kí afẹ́fẹ́ má bàa máa fẹ́ lù ú lára, mo fi néẹ̀tì sí i. Mo já ọ̀rá yẹn dànù. Páànù ni mo fà jáde síwájú kí òjò má fẹ́ wọlé, torí òjò àti ilẹ̀ tútù, ìyẹn ò dáa fún un lóòótọ́. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ò gba ẹṣin dáadáa, mo fẹ̀ ẹ́ dé fíìtì 4, yàrá fúnra ẹ̀ jẹ́ fíìtì 12 sí 12 kó lè dùbúlẹ̀ kó sì yí padà. Ilẹ̀ ẹ̀ dà díẹ̀ sápá kan kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde, èérún pákó táwọn káfíńtà fá sílẹ̀ la tẹ́ lé e, àràárọ̀ la ń kó èyí tó ti tutù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lo sítọ́ọ̀ kòkó, ẹ wo gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa. Agolo Gammalin 20 tó ti dípẹtà ni mo bá ní kọ̀rọ̀ kan, oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó láyé ọjọ́un, májèlé ni, ẹṣin sì máa ń lá ògiri. Mo gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kúrò, mo fi tuntun dí i. Àpò àgbàdo kan tó ti bu náà wà níbẹ̀, ọmọ tó ń bá mi tọ́jú ẹṣin ti fẹ́ bù ú fún un, mo pariwo mọ́ ọn. Àgbàdo tó bu lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, ẹṣin kì í sì í bì, ohun tó bá ti gbé mì ti wọlé nìyẹn.

Ikọ́ yẹn ò lọ lọ́jọ́ kan, ó gbà tó oṣù méjì, mo sì máa ń wọ́n omi sí koríko kó tó jẹ ẹ́ kí eruku lè rọlẹ̀. Ọyẹ́ tó kọjá yìí mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un nínú ọgbà, mo ní kó yan ibi tó wù ú. Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èmi wọ súwẹ́tà méjì, òun wà níta gbangba, ìkùukùu bo ẹ̀yìn ẹ̀, ó ń jẹ koríko. Mo tẹ́tí, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.