Ta ló sọ pé ẹni tó bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò nígbàgbọ́?

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹbí méjèèjì ti jẹun, wọ́n ti ń bá ara wọn ṣàwàdà, ni ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó bá rọra béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti ṣe jẹ́nótáìpù?" Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi irú ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn jogún lára òbí rẹ̀ hàn ló ń sọ. Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Kí wọ́n tó la ẹnu, bàbá ajíhìnrere kan ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní ti sáyẹ́ǹsì nìyẹn, ìgbàgbọ́ ò sì bá sáyẹ́ǹsì rìn rí. Ó ní ẹni tó bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó ṣègbéyàwó ń dán Ọlọ́run wò ni. Gbogbo ilé ṣe àmín.

Èmi ò ṣe é. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní lábù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹnu àwọn tí kò mọ ibi tí ìmọ̀ jẹ́nótáìpù ti wá ni mo sì ti máa ń gbọ́ ọ jù. Inú ọgbà àwọn mọ́ńkì ló ti wá, àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ láti máa sin Ọlọ́run.

Gregor Mendel ni mọ́ńkì náà ń jẹ́. Ní 1843 ló wọ ilé àwọn mọ́ńkì ìjọ Kátólíìkì ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà lẹ́yìn náà. Láti 1856 títí di 1863 ló fi ń gbin ẹ̀wà kan tí òyìnbó ń pè ní pea sí ọgbà wọn. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu ìyẹ̀fun inú òdòdó kan, ó ń fi í sínú òdòdó mìíràn, ó sì ń ṣa kóró wọn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú irú èyí tí kóró rẹ̀ rí róbótó tó ń dán, ó fi gba irú èyí tí kóró rẹ̀ hunjọ. Róbótó ni gbogbo ọmọ tí wọ́n so. Ẹyọ kan ò hunjọ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù ì bá ti wí pé híhunjọ ti tán nínú ìran wọn. Ṣùgbọ́n Mendel tún àwọn ọmọ náà gbìn, ó jẹ́ kí wọ́n so fúnra wọn, híhunjọ bá tún yọjú. Ó kà wọ́n: 5,474 rí róbótó, 1,850 hunjọ. Nínú mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀kan ló hunjọ.

Ẹ wá wo ọkọ àti aya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, ìyẹn ni pé wọ́n jogún A lára òbí kan, wọ́n jogún S lára òbí kejì. Ara wọn le koko, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. S wà lára wọn, ó fara pamọ́, bí híhunjọ ṣe fara pamọ́ sínú kóró tó ń dán. Nígbàkígbà tí wọ́n bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìdá kan pé yóò jẹ́ AA, ìdá méjì pé yóò jẹ́ AS bíi tiwọn. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Pé àkọ́bí jẹ́ SS kò ní kí èyí tó tẹ̀ lé e má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá tó bí mẹ́ta léra, tí gbogbo wọn jẹ́ SS, mo sì ti rí èyí tó bí mẹ́rin tí kò sí SS kan níbẹ̀. Èyí kejì yìí ni wọ́n máa ń mú lọ jẹ́rìí nínú ìjọ. Ta ló ń fún ti àkọ́kọ́ ní gbohùngbohùn?

Ní 1865 ni Mendel ka iṣẹ́ yìí sí etí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Brno, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò sì kà á sí. Wọ́n fi í jẹ olórí ilé àwọn mọ́ńkì náà ní 1868, ó kú ní 1884, ó sì di 1900 kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó tún iṣẹ́ náà rí. Nígbà tó di 1949, James Neel, onímọ̀ nípa àjogúnbá ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀nà tí Mendel là náà ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń gbà ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Lọ́dún kan náà, Linus Pauling tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná ya ẹ̀jẹ̀ SS sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ AA. Ohun tí à ń ṣe ní lábù wa títí dòní nìyẹn: a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun kan bíi bébà, a ó gbé iná gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ A yóò sáré ṣíwájú, ti S yóò kù sẹ́yìn. Nítorí náà, pásítọ̀ tó bá ní kí tọkọtaya mú èsì jẹ́nótáìpù wá kó tó so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ àlùfáà kan ló ń lò. Ibo ni ìjà tí wọ́n ń sọ wà níbẹ̀?

Mi ò kọ́ èyí nínú ìwé nìkan. Ìyá mi sin ọmọ méjì kó tó bí àbúrò mi. Kò sí èyí tó pé ọdún márùn-ún nínú wọn. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo ilé Yorùbá ló mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀: Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS, ibà àti ìgbóná pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá gbọ́ pé ìyá kan bí, ó sin, ó tún bí, ó tún sin, tí àwọn ọmọ yòókù sì le koko, Mendel ni mo máa ń rántí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Málọmọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. SS ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Tirẹ̀ ń tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kì í sì í ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ kó tó kú. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń jí ní ìdájí, á ka Sáàmù lé e lórí, á bu omi fún un, á fún un ní folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti oògùn ibà. Ọwọ́ tó fi ń ṣí Bíbélì náà ló fi ń ṣí ìgò oògùn. Nígbà tó yá, alàgbà kan ní kó da oògùn nù, kó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn. Ó dà á nù. Kò pé oṣù kan tí ibà fi gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára rẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kó tó là á já. Ìyá mi ò da oògùn nù mọ́, kò sì fi àdúrà sílẹ̀. Àbúrò mi ti lé lógójì ọdún báyìí, òun ló ń lu ìlù nínú ìjọ wa.

Wọ́n á ní ẹnì kan gbàdúrà, AS rẹ̀ di AA. Mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. Lábù tí kò kúnjú ìwọ̀n máa ń ṣàṣìṣe, àwọn irú ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tó jọ S lójú bébà wa, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára á gbé èsì tí kì í ṣe tirẹ̀ délé. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi jogún ọmọ rẹ̀ kò yí. Wọ́n tún á ní ìjọ Kátólíìkì fìyà jẹ Galileo, onímọ̀ tó sọ pé ayé ló ń yí oòrùn po. Bẹ́ẹ̀ ni, ní 1633, ìjọ náà sì gbà ní 1992 pé àwọn tó dá a lẹ́jọ́ ṣàṣìṣe. Galileo fúnra rẹ̀ ò fi ẹ̀sìn sílẹ̀ títí ó fi kú. Georges Lemaître tó kọ̀wé ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, àlùfáà Kátólíìkì ni. Àwọn aládùúgbò mi tó jẹ́ Mùsùlùmí náà mọ hádíìsì tó ní Ọlọ́run ò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀.

Mo gbà pé ẹ̀rọ mi ò lè wọn ohun tí Ọlọ́run lè ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn lábù, ìyàwó ojú ọ̀nà yẹn ti jókòó síta. Ó dá wá. Ó ní kí n gbàdúrà fún òun kí n tó fa ẹ̀jẹ̀, mo sì gbà á. Èsì tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ ni à ń retí.