Pátá ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìwà àìnítìjú

Mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ kọ pé aláìnítìjú ni ọkùnrin tó bá wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́, ìyẹn pátá kékeré tó dì mọ́ ara, lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ olómi. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni kì í gba ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ láàyè nítorí ìmọ́tótó, torí pé ènìyàn lè ti wọ̀ ọ́ rìn káàkiri ìgboro kó tó kó ìdọ̀tí rẹ̀ wọnú omi. Èmi fúnra mi ti wọ irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ láti òkè rí lórí ohun ìyọ̀ olómi tó wà nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀: omi kún inú rẹ̀, ó wú bí àpò, ó sì ti dé itan mi kí n tó kan omi nísàlẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní ká ro ti àwọn ọmọdé tó ń wò wá. Òótọ́ ni, àmọ́ pátá tó dì mọ́ ara, tí kì í bọ́, ló dáàbò bo ojú wọn jù.