Bàbá kì í ṣe awakọ̀ òfuurufú o

Ẹ ṣeun tí ẹ kéde ikú Bàbá wa ní Ìbarà, ṣùgbọ́n ẹni tó pè wọ́n ní awakọ̀ òfuurufú ò bi ará ilé wọn léèrè. Wọn ò wa bàálù rí. Inú ilé gogoro pápákọ̀ Alákíà n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń darí bàálù, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wálé s'Abẹ́òkúta. Àwọn ni wọ́n ń sọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún awakọ̀, bóyá ojú ọ̀nà ṣófo, àti ìgbà tó lè balẹ̀. Bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, wọ́n á ní kó máa yípo lókè, tàbí kó kúkú gba Èkó lọ. Àwọn èrò á máa ṣépè. Bàbá á ní, "Ẹ ṣépè, ẹ ṣáà délé."

Ládùúgbò, Bàbá Táwà (ìyẹn "tower", ilé gogoro yẹn) là ń pè wọ́n. Àwọn aláàdìrẹ á bi wọ́n bóyá òjò ń bọ̀ kí wọ́n tó sá aṣọ (bí Bàbá bá ṣe wí ló máa ń rí, àfi lóṣù kẹjọ!).

Sùn-un re o, Bàbá. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìsìnkú, kó jọ̀ọ́ sọ fún wa.