Lil Hardin Kì í Ṣe Ìyàwó Louis Armstrong Lásán

Èrò ọkàn mi rèé, mi ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó máa ń dùn mí wọra bí wọ́n bá ń pìtàn orin jáàsì, tí wọ́n ń ki King Oliver, ọ̀gá afọnfèrè láti New Orleans, tí wọ́n ń ki Louis Armstrong, afọnfèrè ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó wá ṣeré ní Nàìjíríà wa ní 1960, àmọ́ tí wọ́n bá kan Lil Hardin, “ìyàwó Louis” ni wọ́n á pè é, wọ́n á sì kọjá. Obìnrin yìí ti ń fi píánò jẹun ní Chicago kí Louis tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà.

Memphis ni wọ́n bí i sí ní 1898. Iṣẹ́ èṣù ni ìyá rẹ̀ ka orin blues sí. Ó kàwé díẹ̀ ní Fisk University, ó sì kọ́ píánò tìwétìwé. Nígbà tó dé Chicago ní 1918, ó ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìwé orin, ó ń tẹ orin fún oníbàárà kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Dọ́là 3 lọ́sẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn olórin kan láti New Orleans ń wá ẹni tó máa bá wọn tẹ píánò. Lil béèrè ìwé orin lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò ní. Ó ní ohùn wo ni kí òun fi gbè é, wọ́n ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, bó bá ti gbọ́ kò-kò lẹ́ẹ̀mejì, kó ṣáà bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ kò-kò, ó bá wọn lọ. Owó rẹ̀ di dọ́là 27.50 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ju ìwé sílẹ̀ lójú agbo kó fi etí ṣiṣẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Ọdún 1922 ni Oliver ránṣẹ́ pe Louis wá láti New Orleans. Ojú Lil kò kọ́kọ́ gba ọkùnrin náà rárá, aṣọ ọrùn rẹ̀ gan-an kò wù ú.

Ní oṣù kẹrin 1923, ẹgbẹ́ olórin Oliver, tí Lil àti Louis wà nínú rẹ̀, lọ ṣe àwo ní ìlú Richmond, ní Indiana. Wọn kì í fi maikirofóònù ṣe àwo nígbà náà. Ẹnu nǹkan ńlá kan tó rí bí àrọ ni gbogbo wọn ń kọrin sí, ohùn á gba ibẹ̀ lọ gbẹ́ orí ìda. Fèrè Louis bo ti Oliver ọ̀gá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá ní kó lọ dúró ní kọ̀rọ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí àwọn yòókù. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Lil ń wò ó láti ìdí píánò, ó sì rò ó pé ẹni tí wọ́n ní láti lé jìnnà tó báyìí ká tó lè gbọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ti ju ọ̀gá rẹ̀ lọ nìyẹn.

Wọ́n fẹ́ ara wọn ní 1924, Lil sì ní òun ò lè máa fẹ́ igbákejì afọnfèrè, ni Louis bá fi Oliver sílẹ̀. Àwọn kan ní òun ló ba àárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jẹ́. Mi ò gbà. Oliver fúnra rẹ̀ ti sọ fún Lil pé bí Louis bá ṣì wà lọ́dọ̀ òun, kò lè ré kọjá òun. Ọmọṣẹ́ tó ti mọṣẹ́ dójú àmì, fúrídọ̀ọ̀mù ló kù!

Louis lọ sí New York. Lil ló pè é padà ní 1925, ó bá a dúnàádúrà dọ́là 75 lọ́sẹ̀ ní Dreamland, ilé ijó kan ní Chicago, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síta pé Louis ni afọnfèrè tó ga jù láyé. Lọ́dún yẹn náà ni àwo Hot Five, ẹgbẹ́ olórin Louis fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, tí Lil ń tẹ píánò ibẹ̀. Òun ló kọ “Struttin' with Some Barbecue” tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1927. Ẹ lọ gbọ́ ọ lónìí, kí ẹ fi etí sí ìsàlẹ̀ fèrè yẹn.

Ìgbéyàwó wọn tú ká ní 1938. Louis kú ní oṣù keje 1971. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, wọ́n ṣeré ìrántí rẹ̀ ní Chicago, Lil sì wà níbẹ̀, ẹni ọdún 73. “St. Louis Blues” ló ń tẹ lọ́wọ́ tó fi ṣubú nídìí píánò, kò sì dìde mọ́.