Máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti tó wa ní Shenandoah

Nígbàkúùgbà tí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ kan láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Maryland bá ní ká jáde lọ gbafẹ́ lórí òkè ní Shenandoah, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Virginia, ètò kan náà ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ká jí ní ìdájí, ká gba ẹnubodè Front Royal wọlé, ká wa Skyline Drive, ọ̀nà tó gba orí òkè náà kọjá, já láti orí dé ìdí, ká bọ́ síta ní Rockfish Gap, ká sì padà dé Maryland kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lórí WhatsApp.

105 máìlì ni ọ̀nà yẹn. Òfin ò sì gba ọkọ̀ kankan láyè láti sáré ju 35 máìlì ní wákàtí kan lọ níbẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: wákàtí mẹ́ta gbáko nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti tọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kéèyàn lè dúró wo àfonífojì sún mọ́ 70. Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí kò ní ní kí awakọ̀ dúró kóun ya fọ́tò? Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé ìdajì ọ̀nà, oòrùn ti kan àtàrí, àwọn ọmọ ti ń sunkún, ẹni tó ń wakọ̀ ti ń kanra mọ́ ìyàwó ẹ̀. Gbogbo ẹ̀wà tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ jáde nílé ti dàrú mọ́ra lójú yín.

Apá kan ni kẹ́ ẹ mú. Láti ẹnubodè Thornton Gap, tó wà ní máìlì 31 àtààbọ̀ téèyàn bá kà á láti Front Royal, dé Lewis Mountain, tó wà ní máìlì 57 àtààbọ̀. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Àárín ibẹ̀ ni Hawksbill wà, òkè tó ga jù nínú ọgbà náà, ó lé ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ibẹ̀ ni Stony Man tó ṣìkejì ẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní Big Meadows wà, àgbọ̀nrín sì máa ń jẹko níbẹ̀ láìka èèyàn sí.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti apá Lanham tàbí Bowie, kó gba títì 66 dé Gainesville, kó mú títì 29 dé Warrenton, kó wá bọ́ sórí títì 211 tó gba Sperryville kọjá dé Thornton Gap. Kó rọ epo kún ọkọ̀ ní Warrenton. Bó bá ti kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé òkè, 211 á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, torí náà ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí iwájú. Owó ẹnubodè jẹ́ 30 dọ́là fún ọkọ̀ ẹbí kan, ọjọ́ méje ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbowó lé o, wọn kì í ka orí. Kí wá ni ẹbí kan ń fi ọkọ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn ṣe? Ẹ háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan. Bí ọmọ kan nínú yín bá sì wà ní kíláàsì kẹrin, ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ kan wà tí ìjọba ń fún irú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun àti gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló máa wọlé láìsanwó.

Ibi tó ti máa ń dìjà ni ti ẹni tó máa rìn àti ẹni tí kò ní rìn. Stony Man kò le rárá: 1.6 máìlì ni àlọ àtàbọ̀ ẹ̀, kò sì sí ohun tó máa dẹ́rù ba ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni Dark Hollow Falls, torí òun ni gbogbo ayé ń fẹ́ lọ. Omi tó ń tàkìtì lórí àpáta ni, ó dáa gan-an lójú. Àmọ́ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà. Ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, 440 ẹsẹ̀ bàtà ni ẹ ó sì gùn padà sókè. Màmá tó wá bá wa wẹ ọmọ, tí orúnkún ti ń yọ lẹ́nu láti Ìbàdàn, kí ló ń wá níbẹ̀? Limberlost ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ, ní máìlì 43. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n ṣe é débi tí kẹ̀kẹ́ arọ á gbà, ó yí po lábẹ́ igi, kò ju 1.3 máìlì lọ. Kí àwọn tí ara wọn le lọ sí Stony Man nígbà náà, kẹ́ ẹ jọ pàdé nídìí oúnjẹ.

Lewis Mountain ni mo fẹ́ ká ti jẹ oúnjẹ ọ̀hún. Mo mọ̀ pé Big Meadows ni gbogbo ènìyàn máa ń yà sí. Mo tún mọ̀ pé àwọn kan nínú wa gbà pé ìgbafẹ́ orí òkè, eré òyìnbó ni, pé a ti fi òkè tiwa sílẹ̀ nílé, kí la tún fẹ́ sanwó wò? Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ Lewis Mountain.

Ọdún 1935 ni wọ́n dá ọgbà Shenandoah sílẹ̀. Nǹkan bí 500 ìdílé ló kó kúrò lórí òkè náà kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ lọ. Ní oṣù Agẹmọ 1936, Ààrẹ Roosevelt wá sí Big Meadows wá ṣí i. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, àmọ́ àárín Virginia ló wà, òfin tó ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun sì ń jọba ní Virginia nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé Lewis Mountain sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ṣí i ní 1939: ilé oúnjẹ, àwọn yàrá onígi kéékèèké, ibi ìpàgọ́, tábìlì ìta. Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ tó sọ gbangba pé ti àwọn Níígírò nìyí. Ó di 1950 kí ìyàsọ́tọ̀ náà tó tán pátápátá nínú ọgbà náà.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn aláwọ̀ dúdú tó sanwó epo, tó wakọ̀ kọjá ìlú tí wọn ò ti ní fún wọn lómi mu, kí wọ́n ṣáà lè jókòó sórí òkè yìí, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òbí wa tó gbọ́ orúkọ Maryland. Àwọn yàrá onígi yẹn ṣì wà, ẹnikẹ́ni ló lè háyà wọn báyìí. Ẹ gbé kúlà ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín síbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀sán, kẹ́ ẹ sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ.

Béárì dúdú pọ̀ nínú igbó ibẹ̀, imú wọn sì mú. Ẹ má fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì lọ ya fọ́tò, ẹ má sì ju egungun sígbó. Sípíkà ńlá yẹn, ẹ fi í sílé. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dúró ire lórí òkè, torí náà kí máàpù ti wà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú súwẹ́tà, torí òkè máa ń tutù ju ìsàlẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 10 Fahrenheit.

Ní ti ìgbà tó dáa jù, ẹ máa gbọ́ oṣù Ọ̀wàrà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, torí àwọ̀ ewé. Òótọ́ ni, ó rẹwà. Àmọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù yẹn, ọkọ̀ á tò lẹ́nubodè bíi pé Ìbafò la wà. Èmi á yan ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù, láàárín ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń pariwo òkè Old Rag, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ lọ́jọ́ tiyín. Ọ̀nà ibẹ̀ ò sí lórí Skyline Drive rárá, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ tó jẹ́ 2 dọ́là ni wọ́n ń béèrè láti oṣù Ẹrẹ́nà dé ìparí oṣù Bélú, ọwọ́ àtẹsẹ̀ sì lẹ ó fi gun àpáta. Ẹ má fọgbọ́n gbé màmá ẹnikẹ́ni dání.